Ta Ni Ó Ni Èso Igi Ọgbà Iṣẹ́?



Bí ẹ bá wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn tàbí ilé iṣẹ́ ìjọba ní Ìkirè tàbí ní Àpòmù, ẹ lè bá igi máńgòrò, ọsàn tàbí píà níbẹ̀. Ẹni tí ó gbìn ín lè ti ṣípò lọ tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí èso bá pọ́n ni ìbéèrè a máa dé: ta ni ó ni ín? Ọ̀rọ̀ náà kéré lójú, ṣùgbọ́n ó lè sọ àwọn tí ó ń jùmọ̀ ṣiṣẹ́ di ọ̀tá ara wọn.

Àwọn baba wa ní ilẹ̀ kòkó yìí kò fi ọ̀rọ̀ igi ṣeré. Ẹni tí a fún ní ilẹ̀ dáko a máa gbin iṣu àti àgbàdo, a sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin kòkó tàbí obì láìgba àṣẹ, nítorí pé igi tí ó ń pẹ́ nílẹ̀ lè sọ àlejò di onílẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé òógùn ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, ilẹ̀ sì ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀.

Òṣìṣẹ́ lè wí pé, “Èmi ni mo gbìn ín, èmi ni mo bomi rin ín.” Òtítọ́ ni, ọpẹ́ sì yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbogbo ènìyàn ni, àkókò tí ó fi bomi rin ín sì lè jẹ́ àkókò tí a sanwó rẹ̀ fún un. Nítorí náà, bí ó bá ń kó èso náà lọ sí ọjà ní agbọ̀n-agbọ̀n, tí ó sì ń fi owó rẹ̀ sí àpò ara rẹ̀, ohun tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ti àwọn aláìsàn ni ó ń mú.

Ǹjẹ́ kí èso máa jẹrà nílẹ̀ nítorí ìjà bí? Rárá o. Ìlú tí ó ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti rọ̀ dín dòdò Ìkirè kò gbọdọ̀ jẹ́ kí èso ṣòfò. Òfin Mósè, nínú Deuterónómì orí 23, gba ẹni tí ó wọ ọgbà àjàrà aládùúgbò rẹ̀ láàyè láti jẹ àjẹyó, ṣùgbọ́n kò gbà á láàyè láti kó sínú agbọ̀n. Tọ́másì Mímọ́ ti Aquino pẹ̀lú kọ́ wa pé ènìyàn lè ní ohun ìní tí òun ń tọ́jú, ṣùgbọ́n kí ó múra tán láti fi ran aláìní lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ ẹ́ níbẹ̀, ẹ fún ọmọdé àti àlejò. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ìmọ̀ràn tà á, kí owó rẹ̀ sì tún ọgbà náà ṣe. Ẹ ṣe àdéhùn yìí kí igi tó so.

Ẹnìkan yóò wí pé, “Ta ni yóò wá gbin igi nígbà náà?” Máńgòrò tí a gbìn láti inú kóró lè gba ọdún 5 sí 8 kí ó tó so, ìwé ìṣípòpadà lè yára dé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá sì gé igi lulẹ̀ nítorí pé òun ń lọ, ìlara ni ó fi ṣe ìdágbére. Ní ọdún 1876 ni àwọn Fádà wa dá oko Tòpó sílẹ̀ lẹ́bàá Àgbádárìgì, tí wọ́n sì gbin àgbọn sí i. Àwọn tí ó gbìn ín ti sùn nínú Olúwa. Àwọn ẹlòmíràn ni ó jẹ èso lẹ́yìn wọn.

Ẹ rántí òwe igi ọ̀pọ̀tọ́ nínú Ìhìnrere Lúùkù orí 13. Olùtọ́jú ọgbà kì í ṣe onílẹ̀, òun kọ́ ni ó sì ni igi. Síbẹ̀ òun ni ó bẹ̀bẹ̀ fún ọdún kan sí i, kí òun lè wa ilẹ̀ yí i ká, kí òun sì da ajílẹ̀ sí i. Ẹni tí ń gba owó oṣù, ẹ wo àwòkọ́ṣe yín! Àwọn kan a máa wí pé a kì í làágùn sí iṣẹ́ ìjọba. Olùtọ́jú yìí làágùn sí igi ẹlòmíràn.

Ǹjẹ́ bí òjò bá ti ń rọ̀, ẹ gbin igi kan sí ibi iṣẹ́ yín, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run, tí ó ni ilẹ̀ àti òjò, bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa, nípasẹ̀ Krístì Olúwa wa. Àmín.