Ìwé Tí A Ń Kà fún Ìgbádùn

Ìbéèrè kan wà tí ó sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín òbí àti ọmọ, àti láàárín olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Òun ni pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn jókòó ti ìwé tí kò sí nínú iṣẹ́ ìdánwò, tí kò kọ́ni ní ìṣirò tàbí iṣẹ́ ọwọ́ kankan, ìwé ìtàn ìfẹ́ tàbí ìtàn àrà àwọn ọ̀dọ́, kìkì nítorí pé ó dùn? Àwọn kan a máa pe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ìranù. Àwọn mìíràn a gbà á lọ́wọ́ ọmọ, wọn a sì fà á ya. Ìwọ òǹkàwé mi, jẹ́ kí a fi sùúrù yẹ ọ̀ràn yìí wò.

Kí a tó mọ ìwé ni àwọn baba wa ti ń pa àlọ́. Ta ni kò mọ̀ pé olè ni Ìjàpá, pé òpùrọ́ ni, pé alájẹkì sì ni? Síbẹ̀ àwọn àgbà kò lé ọmọ kúrò nídìí àlọ́ nítorí ìwà Ìjàpá. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí ó fi Ìjàpá rẹ́rìn-ín kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di olè. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ń kọ́ bí a ti í dá olè mọ̀. Ohun kan ni wọ́n kà léèwọ̀: a kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án, nítorí ọ̀sán ni ìgbà iṣẹ́. Ìgbádùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lójú wọn. Àkókò tirẹ̀ ni wọ́n yàn fún un.

Ìtàn ìfẹ́ nínú ìwé kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí àárín wa. Láti ọdún 1929 títí di 1930 ni I. B. Thomas ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, bí ẹni pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ lẹ́tà nípa àwọn ọkùnrin tí ó bá rìn àti ìyà tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ará Èkó fi ìháragàgà kà á. Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbà pé ẹni gidi ni. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni ó ka ìwé náà sí ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ohun tí àwọn ènìyàn kà fún ìgbádùn nígbà náà ti di ohun tí a ń kọ́ ní yunifásítì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ìwé òde òní. Ní ọdún 2018, Tomi Adeyemi, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ sí Amẹ́ríkà, kọ ìwé Children of Blood and Bone fún àwọn ọ̀dọ́. Ọmọ tí kò dé ilẹ̀ Yorùbá rí lè ti inú ìtàn náà kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Ọya àti ti Yemọja.

Ṣùgbọ́n èrè tí ó tóbi jù kò sí nínú orúkọ tàbí ìmọ̀ kankan. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, mo rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó yege pẹ̀lú ìyìn, tí kò sì tún ṣí ìwé mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹni tí ìdánwò nìkan ń lé kàwé, ọjọ́ tí ìdánwò bá tán ni ìwé tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ti mọ adùn ìwé kì yóò sá fún un nígbà tí ó bá le. Ẹsẹ̀ tí ó ti ń sáré nínú eré ni ó lè sáré ní ọjọ́ ewu.

Síbẹ̀, òótọ́ ni pé ewu wà. Ilé-iṣẹ́ Mills & Boon, tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1908, di olókìkí nípa ìtàn ìfẹ́ tí í máa parí sí ayọ̀. Níbi tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti parí ni ìgbéyàwó tòótọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé náà kì í sọ ẹni tí yóò pọnmi, tàbí ẹni tí yóò san owó ilé-ìwé ọmọ. Ọmọbìnrin tí ó bá ń wá ọkùnrin inú ìwé lójú pópó lè kẹ́gàn olóòótọ́ tí ẹnu rẹ̀ kò dùn. Ọmọkùnrin pẹ̀lú lè rò pé ọ̀rọ̀ dídùn nìkan ni ìfẹ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Ṣé kí a wá sun ìwé nítorí èyí? Ní ọdún 2007, ní Kánò, a kó àwọn ìwé ìfẹ́ tí a fi èdè Hausa kọ jọ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, a sì dáná sun wọ́n ní gbangba. Iná kú, àwọn obìnrin sì ń kọ ọ́ lọ, wọ́n sì ń kà á lọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọmọ tí a bá fà ìwé ya mọ́ lọ́wọ́ kò ní fi ìwé kíkà sílẹ̀. Ìfarapamọ́ ni yóò kọ́, kò sì ní rí àgbà tí yóò bi léèrè nípa ohun tí ó kà. Ìwọ òbí, kí o tó gba ìwé náà, jókòó tì í, kí o bi í pé: ‘Nínú àwọn tí o kà nípa wọn yìí, ta ni ìwọ ìbá fẹ́ bá gbélé, kí sì ni ìdí rẹ̀?’

Ìwọ ọmọ náà, bi ara rẹ ní ìbéèrè méjì. Èkínní: ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ mi nígbà tí mo ń kàwé? Bí ó bá jẹ́ ìyá rẹ ni ó ń dá fọ àwo, pa ìwé dé, kí o dìde. Èkejì: nígbà tí mo bá pa ìwé dé, ǹjẹ́ sùúrù mi sí àwọn ará ilé mi ń pọ̀ sí i, tàbí ó ń dín kù? Bí ó bá ń pọ̀ sí i, máa kà á lọ láìbẹ̀rù, nítorí ìwé tí ó mú ọ mọ ọkàn ẹlòmíràn ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́, bí ìdánwò kankan kò tilẹ̀ bi ọ́ léèrè rẹ̀ láéláé.