Èso Àjàrà: Ọgbọ́n Olódùmarè Nínú Èèpo àti Kóró

Ìyìn ni fún Olódùmarè, Aṣèdá tí kò ṣèèṣì dá ohun kan. Bí èso àjàrà bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má tíì jù ú sẹ́nu. Ẹ kọ́kọ́ wò ó. Ẹ ó rí nǹkan funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó bò ó lára bí ìyẹ̀fun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oògùn apakòkòrò ni. Ìda ni. Inú ara èso náà ló ti jáde, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó má jẹ́ kí oòrùn fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Omi ọ̀hún ló sì pọ̀ jù níbẹ̀: nínú gíráàmù 100 èso àjàrà, nǹkan bíi 81 ni omi. Èèpo tín-ín-rín, ìda fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọn ló ń ṣọ́ gbogbo omi yẹn lábẹ́ oòrùn gangan. Ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ tún wo bó ṣe ń pọ́n. Nígbà tó bá ṣì kéré, àwọ̀ ewé ló ní, ó le koko, ó sì kan gógó, tí ẹyẹ kì í fẹ́ fẹnu kàn án. Kóró inú rẹ̀ ni kò tíì gbó. Ní déédéé ìgbà tí kóró bá ń gbó, tó fẹ́ tó ohun tó lè hù, ìgbà náà ni èso á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Kíkan rẹ̀ á máa dín kù, ṣúgà tí ewé fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe á máa ṣàn wọ inú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á sì yí padà. Nígbà náà ni ẹyẹ á wá jẹ ẹ́, tí á gbé kóró lọ síbi tí ìtàkùn kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé. Bí a bá sì ti já a lórí igi, pípọ́n rẹ̀ parí nìyẹn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ lè pọ́n nílé lẹ́yìn tí a ti já wọn, ṣùgbọ́n èso àjàrà tó bá kan lọ́jọ́ tí ẹ rà á, kíkan ni yóò wà.

Ó ti pẹ́ tí ọmọ ènìyàn ti mọ adùn yìí. Ní ilẹ̀ Georgia, lágbègbè òkè Caucasus, wọ́n hú ìkòkò amọ̀ jáde nínú ilẹ̀ tí àmì ọtí àjàrà ṣì wà lára wọn, ọjọ́ orí wọn sì tó nǹkan bí ọdún 8,000. Ìtàkùn náà fúnra rẹ̀ kì í tètè kú. Èyí tí wọ́n gbìn sí ààfin Hampton Court ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1768 ṣì ń so títí dòní. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther. Ọdọọdún ni wọ́n ń gé ẹ̀ka rẹ̀, nítorí orí ọ̀mùnú tuntun ni àjàrà ti ń so.

Ṣùgbọ́n èèpo ni ìyanu náà pọ̀ sí jù. Igi kò lè sá fún ọ̀tá. Bí àrùn tí ń mú èso bu bá kọlù ú, tàbí tí ìtànṣán oòrùn bá le jù fún un, inú ara rẹ̀ ló ti ń po ohun ìjà tó fi ń gbèjà ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní resveratrol, inú èèpo ló sì pọ̀ sí. Anthocyanin, tó fún èèpo ní àwọ̀ pupa àti dúdú, ń bá a ṣiṣẹ́ ìdáàbòbò náà. Ẹ bó èso àjàrà dúdú wò: nínú ọ̀pọ̀ wọn, àwọ̀ náà kò kọjá èèpo. Kóró náà ní ohun ìjà tirẹ̀, òun ló ń mú ẹnu wa fún pọ̀ bí a bá jẹ ẹ́. Ohun tí Olódùmarè fún igi láti fi ṣọ́ ara rẹ̀ náà ni àwa náà ń jẹ nínú èèpo. Ẹni tó bó èèpo dànù ti ju ìdí ẹ̀bùn nù.

Kí wá ni oore tí odindi èso náà ń ṣe wá? Potassium wà níbẹ̀, bíi mílígíráàmù 190 nínú gíráàmù 100. Òun ló ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti da iyọ̀ tó pọ̀ jù nínú ara sínú ìtọ̀, ó sì ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí iyọ̀ àti mágì ṣe ń wọ ọbẹ̀ wa, tí ẹ sì ti rí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá dùbúlẹ̀, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Fítámì K tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì bí a bá fara pa wà níbẹ̀ pẹ̀lú, omi rẹ̀ sì ń jẹ́ kí inú rọ̀.

Ní 2013, àwọn olùwádìí ní Harvard àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ. Ènìyàn 187,382 ní Amẹ́ríkà ni wọ́n tọpa oúnjẹ àti ìlera wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àtọ̀gbẹ kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń jẹ èso àjàrà, ápù àti blueberry lódindi tó bó ṣe wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí kì í jẹ wọ́n. Àwọn tó ń mu omi èso ńkọ́? Bí wọ́n ṣe ń mu ún tó ni ewu àtọ̀gbẹ wọn ń ga tó. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé èso náà ló lé àrùn sá, ṣùgbọ́n ó yẹ kó mú wa ronú kí a tó fún omi rẹ̀ mu, kí a sì da ìyókù nù.

Ọmọ aráyé kì í fi ohun tí Ẹlẹ́dàá so pọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n yọ resveratrol sọ́tọ̀, wọ́n dì í sínú kápúsù, wọ́n sì ń polówó rẹ̀ pé ó ń fa ẹ̀mí gùn. Ní agbègbè Chianti ní Ítálì, níbi tí àjàrà ti jẹ́ iṣẹ́ ìran, àwọn olùwádìí fi bí ọdún mẹ́sàn-án tọpa àgbàlagbà 783, wọ́n sì wo ohun tó kù nínú ìtọ̀ wọn lára resveratrol tí wọ́n jẹ. Nígbà tí èsì jáde ní 2014, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ kò pẹ́ láyé ju ẹni tí tirẹ̀ kéré lọ, kò sì bọ́ lọ́wọ́ àrùn ọkàn tàbí jẹjẹrẹ jù ú lọ. Ọtí àjàrà pẹ̀lú kọ́ ni ọ̀nà. Nóà gbin àjàrà, ó mu ọtí rẹ̀ yó, ó sì sùn ní ìhòòhò nínú àgọ́ rẹ̀. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kò sí ìwọ̀n ọtí tí a lè pè ní aláìléwu. Odindi èso, bó ṣe ti ọwọ́ Ẹlẹ́dàá jáde, ni ẹ̀rí ń tì lẹ́yìn.

Olódùmarè kò nílò irọ́ wa kí iṣẹ́ rẹ̀ tó lẹ́wà. Èso àjàrà kì í rọ́pò oògùn dókítà. Ṣúgà rẹ̀ tó gíráàmù 15 nínú 100, èyí tó gbẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn, nítorí náà kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ bi dókítà rẹ̀ léèrè ìwọ̀n tó bá a lára mu. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní odindi hóró, kó má baà há a lọ́fun. Ẹ là á sí mẹ́rin ní òró. Ẹ má fún ajá jẹ, nítorí ó lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́: ìpín ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ẹ sì fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi tó ń ṣàn, torí oògùn apakòkòrò gidi kì í fara hàn.

Owó rẹ̀ ga lọ́jà wa, nítorí ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá. Kí ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a má rò pé Olódùmarè gbàgbé òun. Anthocyanin tó wà lára èèpo àjàrà wà nínú ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe zobo, bí a kò bá ti fi ṣúgà bà á jẹ́. Resveratrol wà nínú ẹ̀pà, pàápàá ẹ̀pà sísè. Ìbátan àjàrà pàápàá ń hù nínú igbó wa: okoho, ìtàkùn tí àwọn Ìdọ̀mà fi ń se ọbẹ̀ tó ń yọ̀, inú ẹbí kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko kà á mọ́.

Bíbélì àti Àlùkùránì dárúkọ àjàrà láàárín oore Ọlọ́run. Nínú òfin Mósè, ẹni tó kórè ọgbà àjàrà kò gbọdọ̀ padà lọ ṣa èyí tó ṣẹ́ kù; ti àlejò, ọmọ òrukàn àti opó ni. Nítorí náà, ẹ jẹ ẹ́ tèèpotèèpo, ẹ jẹ ẹ́ níwọ̀n, ẹ sì fún aládùúgbò nínú rẹ̀. Ọwọ́ kan náà ló mọ èso àti ara tí ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ń tọ́jú ara rẹ̀ ti ń fi ìṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó dá a.