Àjẹìwẹ̀yìn Baálé

“Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.” Baálé ilé ni mo rí nínú òwe yìí. Ọkọ ti ọjà Alaba dé sí Okokomaiko lálẹ́, ó fi ẹja méjèèjì inú ọbẹ̀ jẹ ẹ̀bà. Ìyàwó tó ti ń ta tòmátò ní Ìyànà-Ìbà láti àárọ̀, omi ọbẹ̀ ló fi jẹ tirẹ̀. Bó bá ráhùn, Éfésù 5:22, tó ní kí aya tẹríba fún ọkọ, ni ọkọ máa kà fún un. (Ẹsẹ yẹn kì í sú wọn!) Ẹsẹ 25 ńkọ́, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kí ọkọ fẹ́ràn aya bíi Kristi tó kú nítorí ìjọ? Ẹni tí wọ́n ní kó kú, ẹja ló ń dù. Lọ́jọ́ alẹ́, bí àwọn ọmọ ò bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, kó má sọ pé ìyá wọn ló kọ́ wọn.