Ṣé Ọmọ Ló Yan Àìsàn Rẹ̀ Lọ́run? Ohun Tí Ìtàn Àjàlá Kọ́ Wa



Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí tó ní ọmọ àkàndá nílé máa ń bi mí lẹ́yìn tí mo bá ti ká ọ̀pẹ̀lẹ̀ nílẹ̀ tán: "Baba, ṣé bó ṣe yàn án lọ́run nìyẹn?" Ìyá ló sábà máa ń béèrè. Tẹ́ ẹ bá tẹ́tí dáadáa, ẹ ó gbọ́ ìbéèrè kejì lábẹ́ ti àkọ́kọ́: "Àbí èmi ni mo fà á?"

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún 13. Kò lè dá rìn, kò lè dá jókòó pẹ́, kò sì sọ ọ̀rọ̀ tí àlejò lè gbọ́. Àwa tá a jọ ń gbé mọ ẹ̀rín tó túmọ̀ sí "bẹ́ẹ̀ ni", a sì mọ igbe tó túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ ń ro ó. Ibà pọ́njú tó mú un nígbà tó wà ní ọmọ jòjòló ló ba apá kan ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Mo ti gbọ́ ọ níwájú, mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn: "Babaláwo mà ni bàbá ẹ̀, kí ló dé tí Ifá ò gbà á?" Torí náà, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ọmọ bá rí báyìí, ta ló ni ẹ̀bi?

Ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń fi dáhùn ni àkúnlẹ̀yàn. "Àkúnlẹ̀yàn ẹ̀ ni." Wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á gbọn aṣọ, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa, kì í ṣe ẹyọ kan: àkúnlẹ̀yàn, ohun tí a kúnlẹ̀ yàn, àkúnlẹ̀gbà, ohun tí a kúnlẹ̀ gbà, àti àyànmọ́, ohun tí a yàn mọ́ni. Ẹni tó bá ní yíyàn ni gbogbo rẹ̀ ti ju méjì nù nínú mẹ́ta.

Ẹ tún wo ìtàn tí wọ́n fi ń gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Inú Ogbègúndá ló wà. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ wá sáyé, wọ́n sì fẹ́ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí: Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì kọ́kọ́ débẹ̀. Wọn ò bá Àjàlá nílé. Wọ́n fúnra wọn mú orí tó dára lójú, wọn ò mọ̀ pé kò jinná. Lọ́nà ayé, òjò rọ̀ lé wọn, orí náà sì ń wó díẹ̀díẹ̀. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà kí bàbá rẹ̀. Àwọn babaláwo dá Ifá fún un níbẹ̀, wọ́n ní kó mú owó àti iyọ̀ rúbọ, kó sì mú díẹ̀ dání. Ó bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fi iyọ̀ hàn án, inú oníbodè dùn, ó sì mú un dé ilé Àjàlá. Wọ́n bá olówó tó wá sin gbèsè níbẹ̀. Àjàlá ti sá gun àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà, Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì bá a yan orí tó jinná.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa ń fà yọ ni pé ká yan orí dáadáa. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ìtàn náà léèrè bí a ṣe ń bi ẹlẹ́rìí. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ní yunifásítì nìyẹn, iṣẹ́ ìtàn, ó sì ti mọ́ mi lára. Ta ló mọ orí tí kò jinná? Amọ̀kòkò ni. Ta ni kò sí nílé nígbà tí oníbàárà dé? Amọ̀kòkò náà ni. Kí ni Oríṣèékú ṣe tó burú? Ó mú ohun tó dára lójú, bí èmi àti ẹ̀yin ì bá ṣe mú un. Afùwàpẹ́ ńkọ́, ṣé ọgbọ́n orí rẹ̀ ló fi jù wọ́n lọ? Rárá o. Ó ní bàbá nílé, ó ní ẹni tó dá Ifá fún un, ó ní owó àti iyọ̀ lọ́wọ́, ó sì rí oníbodè tó fọ̀nà hàn án. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò rí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ ló ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀.

Ìtàn Ọbàtálá náà ò jìnnà síyẹn. Wọ́n ní ó mu ẹmu nígbà tó ń mọ èèyàn, ìyẹn ló fi mọ abuké, arọ àti àfín. Kí ló wá ṣe? Kò sọ pé àwọn ni wọ́n fà á. Ó sọ wọ́n di tirẹ̀, a sì ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà títí dòní. Ẹmu sì di èèwọ̀ fún òun àti àwọn olùsìn rẹ̀. Ẹni tọ́rọ̀ kàn ló tún ìwà ara rẹ̀ ṣe, ọmọ kò jẹ́jọ́ kankan.

Ẹnì kan lè wá sọ pé: tí kò bá sẹ́ni tó ni ẹ̀bi, kí la wá ń rúbọ fún? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ padà wo ìtàn náà: kí ló wó orí àwọn méjì yẹn? Òjò ni. Ìkòkò tí kò jinná lè má ṣe é pọnmi, ṣùgbọ́n ó ṣe é kó ẹ̀wà sí fún ọdún púpọ̀ bó bá wà lábẹ́ òrùlé. Ohun tó wà lọ́wọ́ àwa tó yí ọmọ náà ká ni òjò. Òun la fi ń rúbọ.

Òjò ọmọ mi, mo mọ̀ ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Jíjẹun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè tó wákàtí kan, torí oúnjẹ tí a bá fi kánjú fún un lè gba ọ̀nà òdì. Ìyá rẹ̀ ń gbé e láti orí ẹní dé balùwẹ̀, ọmọ ń dàgbà sí i, ìbàdí ìyá ò sì lágbára sí i. Ó ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, a sì ní láti kọ́ bí a ó ṣe máa tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, torí ọmọbìnrin tó ń di àgbà ni, kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń fẹ́ kí bàbá wo òun náà nígbà tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Gbogbo ìwọ̀nyí ni mo kà sí ẹbọ. Ìrọ̀lẹ́ tí mo bá gba ṣíbí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kó lè sùn, ẹbọ ni. Àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń wá jókòó tì í lọ́jọ́ ọjà, ẹbọ ló ń rú. Ẹbọ tó bá jẹ́ pé ìyá nìkan ló ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ rú, ẹbọ ọ̀hún ò tíì pé.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tó ń dá Ifá, ọ̀rọ̀ yín kù. Mo ti gbọ́ ọ tí wọ́n sọ fún òbí pé ọmọ odò lọmọ rẹ̀, kó dá a padà sódò. Ẹ jọ̀ọ́, ìpànìyàn nìyẹn, ẹ má fi aṣọ Ifá bò ó. Ẹ rántí ìbejì. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ayé kan wà tí àwọn Yorùbá ń pa wọ́n, T. J. H. Chappel sì kọ nípa ìyípadà náà nínú ìwé ìròyìn Africa ní 1974. Lónìí, ẹ̀wà là ń sè fún wọn, à ń kí ìyá wọn lóríire. Ojú wa ló yí padà, àwọn ọmọ ò yí padà.

Ẹ sì máa sọ òótọ́ fún àwọn ìyá. Tí ojú tàbí ara ìkókó bá ń yọ àwọ̀ ìyeyè, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Iná pàtàkì wà tí wọ́n ń tàn sí ọmọ lára, nígbà mìíràn wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀. Oòrùn àárọ̀ kò tó o. Kẹ́ ẹ má sì fi kàfúrà tí a ń kó sáàárín aṣọ nítorí kòkòrò sínú aṣọ ìkókó, torí ó lè ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan jẹ́, kí ibà náà sì le sí i. Ẹni tó bá sọ èyí fún aboyún ti mú iyọ̀ dé ẹnu ibodè.

Ìlú náà ní tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin fún àwọn àkàndá ní 2011. Ní 2019, ìjọba àpapọ̀ ṣòfin tó ka ṣíṣe ojúsàájú sí aláàbọ̀ ara léèwọ̀, ó sì fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí àga oníkẹ̀kẹ́ lè gbà wọlé. Ọdún 5 náà ti pé. Ẹ wo ilé ìwé àdúgbò yín, ẹ ka àkàsọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun kan ṣì wà tó ń gba oorun lójú èmi àti ìyá rẹ̀: ta ni yóò máa fún un lóúnjẹ lọ́jọ́ tí àwa méjèèjì ò bá sí mọ́? A ò tíì rí ìdáhùn rẹ̀. Ohun tí a ń ṣe báyìí ni pé a ń mú un jáde. Ó wà níbi ọdún Ifá, ó wà níbi ìsọmọlórúkọ, kí ojú ẹbí mọ̀ ọ́n, kí ọwọ́ wọn mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e, kí etí wọn mọ ẹ̀rín rẹ̀. Ọmọ tí a bá fi pamọ́ sí yàrá, òbí nìkan ni òrùlé rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá tó ń bi mí, èsì mi rè é: ọmọ yín ò jẹ̀bi, ẹ̀yin náà ò jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ ká jọ ran òrùlé.

Kí Olódùmarè má jẹ̀ẹ́ kí òjò pa orí ọmọ wa. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.