Oògùn Alaalẹ́ àti Ìgbáralé Ọlọ́hun

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, ìbéèrè kan wà láàrin wa ní Ẹdẹ: ẹni tí ara kò ro, tí ó ń lo oògùn lálaalẹ́ nítorí ọ̀rá kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀, ṣé ó ṣì gbára lé Ọlọ́hun?

Ó gbára lé E. Ọ̀rá yìí kì í dunni. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dí òpó ẹ̀jẹ̀, nítorí náà “ara mi le” kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá gbé ṣánlẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni yóò máa ṣe àlùwàlá fún un. Ànọ́bì wa sì kọ́ wa pé kí á so ràkúnmí mọ́lẹ̀ ná. Nínú ohun tí ń hù sára oúnjẹ tí ó bá bu ni Akira Endo, ará Jàpáánì, ti rí ìpìlẹ̀ oògùn náà ní 1973. Ta ni ó fi í pamọ́ síbẹ̀?

Ṣùgbọ́n kí á má lo oògùn tán, kí á tún jókòó ti ṣàkì àti ẹran díndín níbi ìnáwó. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, àti fífi ẹsẹ̀ rìn wá sí mọ́sáláṣí ń bá oògùn ṣiṣẹ́. Bí àyẹ̀wò bá sì dára, oògùn ni ó mú un dára. Ẹni tí ó bá dá a dúró láìbi dókítà, ọ̀rá náà yóò tún gòkè. Nínú Rọ̀mọ̀dáànì ńkọ́? Alẹ́ ni a ń lo simvastatin. Ààwẹ̀ kò dí i lọ́wọ́.