Ìṣẹ́gun àti Àre Nínú Ogun Jálumi

Nínú èdè wa, ẹni tí ó borí ọ̀tá lójú ogun ni ó ṣẹ́gun. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́ níwájú àwọn àgbà ni ó jàre. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ka ìtàn Ìbàdàn a máa fi ọ̀kan pe èkejì.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, ọdún 1878, Àjàyí Ògbóríẹfọ̀n, Balógun Ìbàdàn, tú ogun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ká ní Ìkìrun. Àwọn tí ń sá já lu omi Ọ̀tìn, ibẹ̀ ni ogun náà sì ti gba orúkọ.

Kí ni ó fa ìjà? Àwọn ajẹ́lẹ̀ ni. Ìbàdàn fi wọ́n sí ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀, ìwà ìyànjẹ wọn sì kọjá ohun tí ara ń gbà. Ní ọdún 1878 yìí kan náà ni Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ ní Òkèmẹ̀sí, tí àwọn ìlú mìíràn sì dìde. Bẹ́ẹ̀ sì ni, Ìbàdàn yìí ni ó lé Ìlọrin sẹ́yìn ní Òṣogbo ní 1840, nígbà tí ìlú tí ogun ká mọ́ ké sí i. Ta ni yóò sọ pé kò jàre lọ́jọ́ náà? Láàárín ọdún 38, olùgbàlà ti di amúnisìn.

Àwọn kan yóò ní bí Ìbàdàn bá ti ṣubú ní Ìkìrun, ọ̀nà ìbá là fún àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin. Òótọ́ ni, n kò sì fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí láti dá Ìlọrin dúró nìyẹn. Kì í ṣe ìdí láti dá ajẹ́lẹ̀ padà sí Èkìtì.

Ìṣẹ́gun náà kò pa ẹ̀sùn. Èkìtì Parapọ̀ tún ogun tò lábẹ́ Ògèdèǹgbé, ó di Kírìjì. Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ní 1885. Ìwé àdéhùn ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, 1886, ni ó fún Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní òmìnira tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jà. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣe alágbàwí, òun náà ni ó tú àgọ́ tí ó kù ká ní 1893, kò sì padà sílé. Ní ti Ìgbàjọ, Ọ̀tán, Ìrèsì àti Àdá, ìwé náà fi wọ́n sílẹ̀ fún Ìbàdàn. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú wọn, kí ó di ẹrù rẹ̀ kí ó máa lọ.