Gbèsè Ni Tàbí Olè Jíjà?

Àjọ dídá kò ṣàjèjì sí àwọn Yorùbá tí wọ́n ti ṣòwò rí ní Tamale, ní apá àríwá Gánà, ṣáájú kí àṣẹ ìjọba oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Oníṣòwò a fa owó díẹ̀ lé alájọ lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Bí oṣù bá parí, a gba owó rẹ̀. Bí alájọ bá fi owó náà ra ọjà tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í pè é ní onígbèsè. Onígbèsè ni ẹni tí ó tọrọ owó, tí a sì yá a. Alájọ kò tọrọ. A fi owó pamọ́ sí i lọ́wọ́ ni. Bí ó bá ná an, olè ni.

Kí wá ni orúkọ agbanisíṣẹ́ tí ó yọ owó nínú owó oṣù òṣìṣẹ́, tí ó ní òun ń fi í ránṣẹ́ sí ibi tí a ń kó owó ìfẹ̀yìntì pamọ́ sí, tí kò sì fi í ránṣẹ́?

Òfin tí Gánà ṣe ní 2008 là á yékéyéké. A ó yọ 5.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́; agbanisíṣẹ́ yóò fi 13 kún un; gbogbo rẹ̀, 18.5, gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14 tí oṣù bá parí. Bí ó bá pẹ́, ìtanràn 3 nínú ọgọ́rùn-ún yóò máa gorí rẹ̀ lóṣooṣù. SSNIT, tí ń bójú tó èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà, a sì máa gbé ọ̀gá tí kò san lọ sí ilé-ẹjọ́. Àwọn olùkọ́ Nàìjíríà mọ irú rẹ̀: òfin 2014 níbẹ̀ fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 7, ìtanràn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní 2 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀tàn náà gba ọ̀nà mìíràn. Owó tí a ń fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń ti ọ̀dọ̀ àwọn agbanisíṣẹ́ wá, ẹni tí ó sì ń lé òṣìṣẹ́ púpọ̀ a máa san jù. Àwọn kan wá ń dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ lórí ìwé lásán, wọ́n ń kó òṣìṣẹ́ lọ sábẹ́ rẹ̀, kí ìwà wọn àtijọ́ má bàa tẹ̀ lé wọn. Ní 2004 ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ ṣe òfin tí yóò fi ìyà jẹ wọ́n. Àpò gbogbogbòò ni wọ́n jà lólè níbẹ̀. Ní Tamale, ẹnì kan ṣoṣo tí a mọ orúkọ rẹ̀ ni ó ń ru ẹrù náà.

Ká ní olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni kan níbẹ̀ ṣubú lórí alùpùpù, tí kò sì lè ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé. Kí ó tó lè gba owó aláàbọ̀ ara, a gbọ́dọ̀ rí i pé a san tirẹ̀ fún oṣù 12, ó kéré tán, láàárín oṣù 36 tí ó kẹ́yìn. Ìwé owó oṣù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, 5.5 sì ń bẹ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣùgbọ́n ìwé SSNIT kò mọ̀ ọ́n láti ọdún mẹ́ta. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òun náà da tirẹ̀, ọ̀gá ni ó gbé igbá náà, ó sì mu ún lójú ọ̀nà.

Àwọn kan a máa gbèjà ọ̀gá pé alájọ gba owó ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá kò gba kọ́bọ̀. Owó tí àwọn òbí san kò pé. Èyí tí ó wà nílẹ̀ ni ó pín. Orí ìwé nìkan ni 5.5 náà wà. Àwíjàre yìí wúwo. Àwọn mìíràn wà tí ìjọba fúnra rẹ̀ jẹ lówó iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó kò pé lọ́wọ́ rẹ̀ lè sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti yọ owó náà ti gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń yáni lówó. Àìní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìwé irọ́ náà ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ti 13 ńkọ́? Èyí ti inú àpò ọ̀gá wá, a sì lè pè é ní gbèsè láìṣe àbòsí. Ìtanràn 3 tó o, a sì lè fún un láyè láti san án díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ó kù sí ni pé ìtanràn kan náà ni a fi ń wọn méjèèjì, bí ẹni pé onígbèsè àti olè ń jókòó lórí àga kan.

Síbẹ̀, ẹ̀wọ̀n nìkan kò tó. Bí a bá ti ọ̀gá mọ́lé, tí ilé-ìwé sì kógbá sílé, àwọn olùkọ́ tí ó kù ni yóò san gbèsè ìdájọ́ náà. Ohun àkọ́kọ́ ni kí a dá àwọn oṣù tí ó sọnù padà sínú ìwé, nítorí ẹni tí oṣù rẹ̀ kò bá pé 180 kò lè gba owó ìfẹ̀yìntì oṣooṣù. Lẹ́yìn èyí ni kí a tó sọ ti ìyà.

Ta ni yóò sì fi ẹjọ́ sùn? Òfin tí Gánà ṣe ní 1965 ní owó fún ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe. Ti 2008 kò ní in. Olùkọ́ tí ó bá la ẹnu rẹ̀, tí a sì lé e, ojú títì ni yóò bá ara rẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣe ń wo ìwé owó oṣù wọn, tí wọn kì í sì í bi SSNIT léèrè.